Aṣọ Ìpọnmọ Tí Ó Lẹ̀ Mọ́ Ìjàpá Lẹ́yìn

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Ẹ kò tíì jí. Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ó dára. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba ẹ̀yìn òfì lọ, ó gba etí odò kọjá, kò dúró kí ẹnikẹ́ni títí ó fi dé ẹ̀yìn Ìjàpá, ibẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan Ìjàpá rí nínú yín mọ̀ pé ilà wà lẹ́yìn rẹ̀, igun nínú igun, bí ohun tí ènìyàn jókòó hun. Ta ló hun ún? Ta ni wọ́n hun ún fún? Ẹ pa ẹnu mọ́, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìbídùn, mú ọ̀rá omi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sílẹ̀ yẹn. Mo rí ọ. O rò pé nítorí pé ojú mi wà lára òwú, n kò rí ọ. Fún omi inú rẹ̀ dànù, kí o sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ mi níbẹ̀ yẹn. Bí o bá gbọ́ àlọ́ yìí tán, wàá mọ ìdí tí mo fi ń pariwo lé yín lórí lójoojúmọ́.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko ní ìlú kan ní ìsàlẹ̀ odò. Iṣẹ́ aṣọ híhun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Oko òwú wọn lọ súà, bí o bá dúró ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, o kò ní rí ìkejì. Ìyá Ẹ̀gà, ẹyẹ kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè yẹn, òun ni àgbà àwọn ahunṣọ. Òfì rẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin tí wọ́n máa ń na ẹsẹ̀ sí. Òfì obìnrin ni, irú tèmi yìí, tó dúró ti ògiri, igi kan lókè, igi kan nísàlẹ̀. Òwú á ti orí igi òkè sọ̀kalẹ̀, á gba abẹ́ igi ìsàlẹ̀ yí sẹ́yìn, á tún gòkè padà, kò ní já. Bí a bá hun ún tán, aṣọ náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Ó yípo bí òṣùká. Àfi bí a bá fi ọ̀bẹ gé e kó tó di ohun tí ènìyàn lè ró.

Aṣọ kan wà ní ìlú náà tí wọn kì í fi ṣeré. Aṣọ ìpọnmọ ni. Bí aboyún bá ti wọ oṣù ìbí rẹ̀, Ìyá Ẹ̀gà á bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, á sì fi àmì ilé ọmọ náà sí i lára. Bí ó bá hun ún tán, kò ní gé e. Á fi í sílẹ̀ lórí òfì. Ọjọ́ tí ọmọ bá délẹ̀, ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n á fọ̀, òun ni wọ́n á fi gé aṣọ. Ohun tí àwọn àgbà wọn ń wí ni pé, a kì í gé aṣọ ọmọ kí a tó gé ìwọ́ ọmọ. Ọmọ tí wọn kò bá sì fi aṣọ bẹ́ẹ̀ pọ̀n kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ. Inú ilé ni yóò wà, títí tí ènìyàn yóò fi gbàgbé pé wọ́n bí i.

Ṣé ẹ ti gbọ́ ìyẹn? Ẹ fi pamọ́.

Nígbà tó yá, àwọn ará òkè odò kọ́ bí a ti ń mu omi inú ọ̀rá. Akinọlá, má bi mí bóyá ọ̀rá wà láyé àtijọ́. Nínú àlọ́, ohun gbogbo ti wà rí. Wọ́n á mu omi, wọ́n á sọ ọ̀rá sódò. Odò kò mọ̀ pé kì í ṣe ewé, ó gbé e wá fún àwọn ti ìsàlẹ̀. Ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Ó dí ẹnu odò, omi kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, ló bá yà wọ oko òwú. Òwú rà mọ́lẹ̀. Lọ́dún náà, gbogbo agbo ilé tí òfì ti máa ń dún dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹtu ní ọmọ kan nígbà náà, ọmọbìnrin ni, Àríyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà ń jẹ koríko létí odò. Ọ̀rá wà láàárín koríko, ó já a pọ̀ mọ́ ọn, ó gbé e mì. Ìyá rẹ̀ rò pé inú rírun ni. Wọ́n fún un lágbo títí, kò gbà. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló kú sí. Ẹtu kò sunkún tí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á lọ sétí odò, á máa fi ẹnu fa ọ̀rá jáde nínú koríko, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà jẹ ẹ́. Ó ń dùn mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí, n kò lè ṣe é ní mìíràn fún yín.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Òun kọ́ ló ni àlọ́ yìí.

Ọlọ́run ṣàánú, Ẹtu tún lóyún. Nígbà tó wọ oṣù ìbí rẹ̀, ó rọra rìn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹ̀gà, ó gbé ẹrù kan dání. Ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé, Ìyá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Má kúnlẹ̀, ikùn rẹ ti wúwo. Mo mọ ohun tó gbé ọ wá." Ìyá Ẹ̀gà mí kanlẹ̀. "Òwú kò sí, Ẹtu. Mo ti wo orí àjà, mo ti wo abẹ́ ibùsùn. Èyí tí màá kì bọ ojú abẹ́rẹ́ pàápàá kò sí."

"Mo mọ̀, Ìyá. Mo mú nǹkan wá."

Ó tú ẹrù náà. Ọ̀rá ni. Gbogbo èyí tó ti ń fà jáde létí odò láti ìgbà tí Àríyọ̀ ti kú, ó ti fi iyanrìn fọ̀ wọ́n, ó ti sá wọn gbẹ. Ó to wọ́n léra wọn bí ẹní to ewé.

Ìyá Ẹ̀gà wò ó, kò fọwọ́ kàn án. "Èyí tó pa ọmọ rẹ?"

"Òun náà ni. Ó ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí ó bá mi gbé èyí."

Ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù náà. Ó fa ọ̀bẹ rẹ̀ yọ. Ó mú ọ̀rá kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí rẹ̀, ó ń gé e lọ yípoyípo bí ẹní ń bó ọsàn, títí ọ̀rá kan ṣoṣo fi di okùn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan, ó lọ́ ọ. Ó fà á wò, kò já. Ó ní, "Lọ sinmi. Màá hun ún."

Gbogbo ìlú gbọ́. Ẹni tó ní ọ̀rá funfun mú funfun wá, ẹni tó ní búlúù mú búlúù wá. Oníkálukú fọ tirẹ̀ kó tó gbé e wá. Àwọn ìyá tí òfì wọn ti dákẹ́ wá jókòó yí Ìyá Ẹ̀gà ká, wọ́n ń bá a lọ́ okùn lórí itan. Àmì ilé Ẹtu ni ó ń fi sí aṣọ náà, àmì tí wọ́n ti ń fi pọn àwọn baba ńlá rẹ̀. Ilékún ni wọ́n ń pè é. Igun ńlá kan, igun kékeré nínú rẹ̀, èyí tó kéré jù ú lọ tún wà nínú ìyẹn, kí ilé má ṣe ṣófo. Bí ó ti ń hun ún ni ó ń dá orin yìí, tí wọ́n ń gbè é. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kó tutù:

Ọ̀rá odò, wá di òwú,
*Hun ún kó lè gbé ọmọ.*
O ṣìkà tán, wá ṣoore,
*Hun ún kó lè gbé ọmọ.*
Ẹ̀yìn ìyá ò ní ṣófo,
*Hun ún kó lè gbé ọmọ.*
Ilé kún, ilé ò tú,
*Hun ún kó lè gbé ọmọ.*

Ó tó. Ohùn Akinọlá ń lọ sápá kan.

Níbo ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo wà ní gbogbo àkókò yìí? Ó wà nílé, ó na ẹsẹ̀. Kò ṣa ọ̀rá kan ṣoṣo. "Yánníbo, wá wò wọ́n," ó ní, "wọ́n fẹ́ fi pàǹtírí pọn ọmọ."

Yánníbo ní, "Ó sàn ju ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ. Kí lo fẹ́ wọ̀ lọ kí ìyá mi? Ẹni tó yá ọ láṣọ lọ́jọ́sí, ojú gbogbo ará ilé wa ló ti bọ́ ọ kúrò lára rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìjàpá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àti pé nígbà náà, Ìjàpá lè nàró bí ènìyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ó rọ̀, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Ó dìde, ó ń rìn kiri ìlú pẹ̀lú ìbínú. Bí ó ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ẹ̀gà, oòrùn bọ́ sórí aṣọ náà láti ojú fèrèsé. Ó ti parí. Búlúù ń kọ mànà, funfun ń kọ mànà, igun wà nínú igun. Ìjàpá dúró.  Ó wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"O ṣé, Ìjàpá."

"Aṣọ yìí mà ti parí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọjọ́ orí yín ti kúrò ní ti ẹni tó ń na apá sókè."

"Fi í síbẹ̀. A kì í gé aṣọ ọmọ kí a tó gé ìwọ́ ọmọ."

"Hẹ̀ẹ̀n. Ọjọ́ tí Ẹtu bá bímọ, nígbà náà ni ẹ ó fi ilé sílẹ̀ lọ gé ìwọ́ náà?"

"Ta ni ìbá tún bá a gé e?"

"Òótọ́ ni, Ìyá. Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ o." Ìjàpá kí i dáadáa, ó jáde. Kò gbàgbé nǹkan kan nínú ohun tó gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú gan-an. Ìjàpá bu eruku sórí ara rẹ̀, ó sáré wọlé tọ Ìyá Ẹ̀gà lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá, ẹ má jókòó. Ẹtu ti ń rọbí."

"Ta ló rán ọ?"

"Igbe rẹ̀ ló rán mi. Mo ń kọjá lọ ni mo gbọ́ ọ."

Ìyá Ẹ̀gà fi ojú kan wò ó. "Ìwọ tí o kì í jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni?"

Ìjàpá bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ọ̀rọ̀ Àríyọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi ni. N kò fẹ́ kí a gbọ́ irú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì."

Ẹ gbọ́ bí ẹnu rẹ̀ ti dùn tó. Ọmọ tí kò sunkún fún, òun ló fi ń purọ́. Ìwà Ìjàpá yìí nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín sí, láti ìgbà tí mo ti ń pa àlọ́ yìí.

Ìyá Ẹ̀gà mú ọ̀bẹ, ó fò lọ. Kò tilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò tíì jí aṣọ ọmọ rí ní ìlú náà, kí ló fẹ́ tilẹ̀kùn sí?

Ìjàpá yọ igi ìsàlẹ̀, ó yọ igi òkè, aṣọ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wá etí rẹ̀ tí yóò fi ró o. Kò rí i. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Aṣọ wo ni kò ní etí?" Ẹni tí kò bá ahunṣọ jókòó rí, níbo ni yóò ti mọ̀? Ó kàn ki orí bọ inú rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á wálẹ̀ dé ìbàdí. Ó yí i ká rekete. Ó wo ara rẹ̀ nínú omi ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọrí sí ìlú àna rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀gà dé ilé Ẹtu, ó bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀.

"Ìyá, ṣé kò sí láburú?"

"Wọ́n ní o ń rọbí."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ìjàpá." Bí orúkọ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ó rántí pé òun kò tilẹ̀kùn. Ìyókù kò nílò àlàyé mọ́. Àwọn méjèèjì gba ọ̀nà òfì. Ìyá ń fò, Ẹtu ń gbé ikùn sáré tẹ̀lé e. Wọ́n bá igi méjèèjì nílẹ̀. Ògiri ṣófo.

Ẹtu dúró, ó ń wo ògiri. Ó ní, "Ìyá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fa wọ́n jáde."  Ìrora sì mú un níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ó di ògiri mú. Irọ́ Ìjàpá ti di òótọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un sábẹ́ òfì, nítorí kò lè rìn padà sílé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n síbẹ̀, kí a lọ wo olè.

Ìyá Yánníbo ń yan gàrí nígbà tí àna rẹ̀ yọ. Iná ń jó lábẹ́ agbada, ó ń fi igbá ro gàrí lọ, ó ń ro ó bọ̀. Ìjàpá dé iwájú ààrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa."

"Àna mi, káàbọ̀. Aṣọ rẹ mà dára o. Dìde, má ba aṣọ rẹ jẹ́."

Ìjàpá fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí nǹkan. Gàrí ń dà sílẹ̀ láti etí agbada, ó gbóná, ó pọ́n, ó ń ta sánsán, ó sì wà níwájú ẹnu rẹ̀ gan-an. Ó na ọrùn, ó lá a.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kí yín dáadáa."

"O ti kí mi, dìde."

"Ti èṣí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán, Ìyá. Ó ku ti ọdún yìí." Ó fà sún mọ́ ààrò, ó tún lá a.

"Irú àna wo nìyí?" Inú ìyá dùn, ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. "Dìde, ọmọ mi, ó ti tó."

"Ẹnìkan kì í kánjú kí ìyá ìyàwó, Ìyá." Ó tún fà sún mọ́ ọn. Ọyẹ́ ń mú lẹ́yìn, iná ń jó níwájú, gàrí ń dà sí i lẹ́nu. Kí ni ó tún fẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ọ̀rá máa ń ṣe bí ó bá sún mọ́ iná?

Ó máa ń súnkì.

Ẹ̀yin gan-an mọ̀ ọ́n. Ìjàpá kò mọ̀, nítorí kò ṣa ọ̀kan rí. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ó rò pé gàrí ni òun yó. Aṣọ fún un lápá, ó fún un nítan, ó fa ọrùn rẹ̀ wọlé. Nígbà tí òórùn jíjó dé imú rẹ̀, ó ta gìrì láti dìde. Ara kò gbà. Ó tún gbìyànjú. Ìdọ̀bálẹ̀ ló wà.

"Ìyá, ẹ gbà mí. Aṣọ yìí ti dì mí."

Ìyá Yánníbo sọ igbá sílẹ̀, ó bu omi, ó dà á lé e lórí. Ó rò pé á rọ̀. Omi tutù, ọ̀rá gan, ó le bí igi. Ó fà á, kò ṣí. Ó mú ọ̀bẹ, ó wá etí aṣọ tí yóò ti gé e. Níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

"Aṣọ yìí kò ní etí."

"Ẹ ṣáà gé e, Ìyá."

"Wọn kò tíì gé e rí. Aṣọ ọmọ ni." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìjàpá, aṣọ ọmọ ta lo wọ̀ wá kí mi?"

Ìjàpá tó máa ń fèsì kí wọ́n tó béèrè gbójú sílẹ̀.

Ìyá Yánníbo kò bá a jà. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ gàrí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, ó fi gàrí sílẹ̀ kó jó lórí iná, ó sì kọrí sí ìlú ìsàlẹ̀ odò. Àwọn tó pàdé wọn lọ́nà béèrè ohun tó rù. Ó ní, "Àna mi ni." Wọn kò béèrè mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Ìyá Ẹ̀gà, ènìyàn ti kún ìta. Igbe Ẹtu ń wá láti inú ilé. Ìyá Yánníbo sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo ẹni tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ aṣọ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbá a létí. Ìbá sàn fún un bí wọ́n bá gbá a.

"Ẹ bá mi gé e," Ìjàpá ń bẹ̀ wọ́n. "Kò jẹ́ kí n mí."

Ìyá Ẹ̀gà yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i. Ó ní, "A kì í gé aṣọ ọmọ kí a tó gé ìwọ́ ọmọ. Ìwọ lo ní kí n wá gbẹ̀bí. Dúró gbọ́ ọ." Ó padà wọlé.

Báyìí ni Ìjàpá ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbọ́ ìrọbí tó fi purọ́. Bí Ẹtu bá kígbe, aṣọ náà á dà bí ẹni pé ó tún fún un sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. N kò mọ̀ bóyá nítorí ara rẹ̀ ni tàbí nítorí Ẹtu. Bóyá òun gan-an kò mọ̀.

Ọmọ dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Akọ ni. Ìyá Ẹ̀gà gé ìwọ́ rẹ̀, ó fọ ọ̀bẹ, ó jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ lẹ́yìn Ìjàpá. Ìjàpá figbe ta. Ìyá Ẹ̀gà wò ó dáadáa, ó fi ọwọ́ pa á. Aṣọ kò sí níbẹ̀ mọ́, ara kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti di ohun kan náà. Ó yíjú padà sínú ilé.

"Ẹtu, aṣọ ọmọ rẹ rèé. Bí mo bá gé e, màá gé Ìjàpá pọ̀ mọ́ ọn, yóò kú. Bí n kò bá gé e, ọmọ rẹ kò ní aṣọ. Ìwọ lo ni ín. Ohun tí o bá wí ni màá ṣe."

 Ẹtu rọra dìde, ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá dúró lórí Ìjàpá. Ó wo ilékún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àmì ilé baba rẹ̀. Ìjàpá gbójú sókè wò ó.

"Ìyá," Ẹtu ní, "lójú mi báyìí ni ọ̀rá ti pa ẹnìkan. Mo mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí. N kò lè dúró wo ìkejì. Ẹ fi í sílẹ̀, kí ó máa gbé e lọ."

"Ọmọ rẹ ńkọ́? Kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà."

"Wọ́n ní ọmọ tí a kò pọ̀n kò gbọdọ̀ kọjá." Ẹtu padà sídìí ọmọ rẹ̀. Ó lá a lójú, ó lá a lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.  "Wọn kò sọ nípa ọmọ tó bá rìn. Ọmọ mi, ẹ̀yìn ìyá rẹ ṣófo lónìí. Gbìyànjú fún mi. Dìde."

Ọmọ náà ki ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, ó ṣubú. Ó tún ki í mọ́lẹ̀, ó ṣubú lórí imú. Àwọn ìyá ń dá orin náà sábẹ́ ètè, hun ún kó lè gbé ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lórí òfì mọ́. Ọmọ gbé ìdí sókè, ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dúró. Ara rẹ̀ tutù, ìwọ́ rẹ̀ ṣì ń rọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ó gba iwájú Ìjàpá kọjá, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ìyá Ẹ̀gà sọ ọ́ lórúkọ níta gbangba. Ó ní, "Adáró ni, ẹni tó dá nàró." Gbogbo wọn ní àṣẹ.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ Ẹtu ti ń dìde rìn ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí ìyá rẹ̀ kì í pọ̀n ọ́n. Inú koríko tó mọ́ ni ó máa ń fi í pamọ́ sí, á yẹ ibẹ̀ wò dáadáa kó tó fi í síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ tí kò lè dìde, tí ọrùn rẹ̀ ń sá wọlé bí ara bá fu ú, tí ilà wà lẹ́yìn rẹ̀, igun nínú igun. Ilé ẹlẹ́nìkan ló ń gbé kiri. Bí ẹ bá rí Ẹtu nínú igbó tí ó dúró, tí ó tẹjú mọ́ Ìjàpá tó ń wọ́ lọ, ẹ má rò pé ẹran ara rẹ̀ ló ń wò. Aṣọ ọmọ rẹ̀ ni.

Ibi tí mo ti bá àlọ́ yìí náà ni mo fi í sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí òwú já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ wò ó, mo fà á, kò já.

Ìbídùn, gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn wá. Èyí tí o jù síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fi iyanrìn fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wọ oṣù ìbí rẹ̀, ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀.